Ọjọ́ tí Ẹ̀rọ Tóyìn Dákẹ́ Lójú Ọ̀run

Ọjọ́ Àìkú tí Tóyìn àbúrò mi pè wá lórí fídíò láti Amẹ́ríkà kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Tóyìn wà lára àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń yí ayé po lókè, tó ń ya àwòrán ìràwọ̀. Nílé wa ní Ìkòsì, kò sí àlejò tí Mummy kì í sọ ọ́ fún. Èmi tí mò ń tọ́jú Mummy, "ẹ̀gbọ́n Tóyìn" lásán ni wọ́n ń pè mí. Mo ń jowú rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ náà, ẹnu iṣẹ́ ló wà tó ti ń fi àwòrán han Mummy. Ó ní, "Àwa là ń sọ ibi tí ẹ̀rọ náà máa kọjú sí fún un lójoojúmọ́."

Mummy pariwo, "Ọmọ mi ń pàṣẹ lójú ọ̀run!" Mo yíjú sí ògiri.

Lójijì ni agogo ké lọ́dọ̀ Tóyìn. Ẹ̀rọ náà ti pa ojú dé, kò ya àwòrán mọ́, kò sì dáhùn. Mummy bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ṣùgbọ́n Tóyìn ní, "Sister mi dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù yẹn."

Mo gba fóònù. "Mo wà níbí. Rọra máa ṣe é."

Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà léraléra. Nígbà tó yá, ó kígbe, "Ó ti dáhùn!" Ó bú sẹ́kún.

Mo ṣì ń jowú àbúrò mi títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù bà á, èmi ló ké pè, Mummy sì wà níbẹ̀ tó gbọ́.