Irọ́ Tí Wọ́n Kà Síwájú Èrò

Bí wọ́n bá ní kí èèyàn lọ wá Àǹtí Dírẹ́bà láàárín àwọn ṣọ́jà, tí kò sì rí i rí, ó lè kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó má mọ̀. Gìrìpá tí ìròyìn rẹ̀ ń fi síni lọ́kàn kọ́ ló máa bá. Obìnrin kúkúrú ni. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè tẹ búréèkì ọkọ̀ ńlá dáadáa, ó ní láti fi tìmùtìmù ti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúrú ní tiẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ọkọ̀ agbégi ni bàbá náà ń wà, kò sì bí ọmọkùnrin kankan. Àwọn ará ilé á ní, "Ẹ̀yin náà, ọmọbìnrin lẹ fẹ́ sọ di awakọ̀ agbégi?" Bàbá á ní, "Ṣé táyà mọ̀ bóyá obìnrin ló ń yí òun ni?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Nígbà tó wọṣẹ́ ológun, ilé ìdáná ni wọ́n kọ́kọ́ jù ú sí. Ó ń bó ọ̀dùnkún, ó ń fọ ìkòkò tó tóbi ju òun alára lọ. Àràárọ̀ ló ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo mọ ọkọ̀ wà." Ó ń sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi sú ọ̀gá náà. "Ẹ fún un ní áńbúláǹsì gbígbó yẹn," ló ní, "kó yéé dààmú mi." Bó ṣe di Àǹtí Dírẹ́bà nìyẹn.

Ọ̀sán gangan ni ìjà ẹ̀bá odò bẹ́. Àwọn ṣọ́jà tí wọ́n rán ṣíwájú kọjá afárá ti há sínú ilé iṣẹ́ bíríkì kan tí wọ́n ti pa tì, àwọn ọ̀tá sì wà lórí òkè, wọ́n ń da ìbọn bò wọ́n. Ohùn Sájẹ́ǹtì tó kó wọn lọ ń jáde lórí rédíò: "Àwa tó fara gbọgbẹ́ pọ̀ o! Ẹ wá kó wa o!"

Mẹ́jọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá wọn wà nínú àgọ́ lẹ́yìn, pẹ̀lú àpò iyẹ̀pẹ̀ yí ká. Ó ní, "Ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gba afárá yẹn kọjá."

Àǹtí Dírẹ́bà gbọ́. Ó ní, "Sà, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Òkú kì í sọ̀rọ̀."

"Mo ti sọ tèmi."

Ó kí i bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá, ó yí padà, ó lọ jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ṣáná sí i.

Ìbọn fọ́ gíláàsì iwájú kó tó dé àárín afárá. Èérún rẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan nu ẹ̀jẹ̀, ó ń fi ìkejì wakọ̀. Ó tẹrí ba sídìí sítíárìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n to àwọn tó fara gbọgbẹ́ léra bí igi ìdáná, ó gbé wọn padà. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ó ti parí. Wọn ò tíì kó wọn sílẹ̀ tán tó tún fi yíjú ọkọ̀ padà. Lọ́tẹ̀ yìí, táyà méjì ló bẹ́, irin lásán ló fi ń wọ́ lọ. Sájẹ́ǹtì ló kù sẹ́yìn pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ṣeé wò.

"Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ máa lọ."

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o di nǹkan mú!"

Bó ṣe gbé gbogbo wọn dé nìyẹn. Mẹ́jọ̀ jáde nínú àgọ́, ó nà án níka: "Ìwọ aláìgbọràn yìí, wàá fojú winá ìyà." Àfi ìgbà tí ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ti olú iléeṣẹ́ ológun wá, ni ẹnu Mẹ́jọ̀ bá yí padà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ ológun, dá àwọn akíkanjú ìjà náà lọ́lá pé. Bàbá Àǹtí Dírẹ́bà ra fìlà tuntun wá. Mẹ́jọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹni tó ń ka ìwé ìyìn gbóhùn sókè: ó ní ọ̀gá akíkanjú yìí fúnra rẹ̀ ló kọjá afárá lábẹ́ ìbọn, òun ló sì kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ wálé. Ọ̀gágun àgbà fi mẹ́dà ńlá kọ́ ọ láyà. Èrò pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pe "awakọ̀ obìnrin kan tó ràn wọ́n lọ́wọ́, tó sì fi ẹ̀rín àti ọ̀yàyà tu àwọn aláìsàn nínú." Tirẹ̀ ò ju mẹ́dà pẹ́ńpẹ́ kan lọ.

Ẹ̀rín! Èwo ni ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Obìnrin tí wọ́n ṣa gíláàsì jáde lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n rí kà sí i lọ́rùn! Bí ọ̀gágun àgbà ṣe fẹ́ fi mẹ́dà kékeré yẹn kọ́ ọ láyà, ó sún sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú sà. Mi ò gbà á."

"Kí lo wí?"

"Irọ́ ni wọ́n kà, sà. Mẹ́jọ̀ ò kúrò nínú àgọ́ lọ́jọ́ náà. Òun gan-an ló ní kí n má lọ."

Mẹ́jọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn sà. Ogun ti da orí ẹ̀ rú."

Ni Sájẹ́ǹtì bá fi ọ̀pá méjèèjì dìde láàárín èrò. "Ṣé orí tèmi náà ti dàrú ni sà? Ẹsẹ̀ ni mo pàdánù, ojú mi ò fọ́! Obìnrin yìí ló gbé mi." Àwọn yòókù tí wọ́n jọ bọ́ lọ́jọ́ náà gbè é lẹ́sẹ̀: "Òun ni! Òun ni!"

Ọ̀gágun àgbà ò wò wọ́n. Ó ní kí àwọn onífèrè máa fọn, ètò ti parí. Ta ni wọ́n wá mú? Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o: òpùrọ́ gbé mẹ́dà lọ sílé, wọ́n ti olóòótọ́ mọ́lé pé ó sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ! Nígbà tó jáde, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣọ́ táyà ní yàrá ẹrù.

Sájẹ́ǹtì ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Òun àti àwọn tó ṣì lè rìn ń lọ sí olú iléeṣẹ́ ológun léraléra. Wọ́n á ní kí wọ́n padà wá lọ́la, wọ́n á sì padà wá. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì rí i pé bí Àǹtí Dírẹ́bà ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí.

Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì kékeré kan. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò dá fóònù dúró tó fi ṣí dúrọ́ọ̀, tó mú mẹ́dà ńlá jáde, tó sì tì í sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń fún èèyàn ní ṣéńjì.

"Ta ló máa kà á?" Àǹtí Dírẹ́bà bi í.

"Ka kí ni, mà?"

"Ohun tí mo ṣe."

"Wọ́n ti tún un ṣe nínú ìwé, mà. Ẹ gbà á, kí ẹ máa lọ."

"Ti Mẹ́jọ̀ ńkọ́?"

"Háà, mà! Ohun tí a ti fún ọ̀gá, ṣé a tún lè gbà á padà ni?"

Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó ní kó lọ jù ú padà sí wọn lójú. Ó kọ̀. "Irọ́ tiẹ̀, síwájú èrò ni wọ́n ti kà á, Bàbá. Òótọ́ tèmi, inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ṣé kí n wá dá a padà, kí wọ́n tún rí i fún òpùrọ́ mìíràn?"

Ní báyìí, wọ́n ti dá a padà sídìí ọkọ̀, òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, á kọ́kọ́ sọ ìtàn afárá yẹn fún wọn, á sì dárúkọ Mẹ́jọ̀ tán pátá, orúkọ àti orúkọ bàbá. Mẹ́jọ̀ ti gbéga sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá bárékè pe Àǹtí Dírẹ́bà, ó ní kó yéé bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

"Ẹ lè tún tì mí mọ́lé sà," ló fi dá a lóhùn. Ló bá kí i, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, torí kò tíì sọ ọ́ dé ibi tí táyà ti bẹ́.