Ìbéèrè Kẹrin àti Orúnkún Màmá Ìmùṣin

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo tún padà sẹ́nu iṣẹ́, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní Òdògbólú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí pátákó, kò sí ṣọ́ọ̀kì. Àga méjì ni, tábìlì kékeré kan, àti fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ti ń tọ́jú egungun àti oríkèé ara. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, Dókítà Oyínkán, ló pè mí síbẹ̀.

“Sà,” ó ní, “tí mo bá ń ṣàlàyé fún àwọn àgbàlagbà, wọ́n á kàn máa mi orí ni. Wọ́n á délé tán, wọn ò ní mọ nǹkan tí mo sọ. Ẹ wá bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.”

“Ṣé Yorùbá rẹ ló kù díẹ̀ káàtó ni?”

“Sà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi.”

Mo gba iṣẹ́ náà.

Ìtọ́jú tí àwọn èèyàn ń béèrè jù ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní PRP. Abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni àwọn aláìsàn wa ń pè é, èmi a sì máa tún un ṣe fún wọn pé kì í ṣe odidi ẹ̀jẹ̀. Dókítà á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bìrìbìrì. Ẹ rántí epo pupa tí a gbé kalẹ̀ nígbà ọyẹ́: èyí tó ki á sùn sísàlẹ̀, èyí tó mọ́ á dúró lókè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń pínyà. Pupa á lọ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ oyin á léfòó. Inú omi yẹn ni wọ́n ti ń rí àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó máa ń bá wa dí ojú ọgbẹ́. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un sínú oríkèé tó ń dunni, bóyá ara á tù ú. Mo máa ń tẹnu mọ́ “bóyá” yẹn, nítorí kì í ṣe gbogbo orúnkún ló ń gbọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo aláìsàn ló yẹ. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìbéèrè méjìlá tí mo máa ń bi ẹnikẹ́ni kó tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Mo kọ ọ́ tàmì-tàmì, mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dùn mọ́ mi létí. Ìkẹrin ni: “Ǹjẹ́ ẹ ń lo oògùn kankan?”

Òwúrọ̀ kan tí ìkùukùu bo gbogbo àdúgbò, tí àwọn igi ọgbà wa dà bí ohun tí a rí lójú àlá, ni màmá kan wọlé láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ, mo kàn kọ ọ́ síbí ní Yorùbá tí gbogbo wa jùmọ̀ gbọ́ ni.

“Tíṣà, mo fẹ́ kúnlẹ̀,” ni wọ́n kọ́kọ́ wí.

“Níbo, Màmá?”

“Níbi pẹpẹ! Bí a bá lọ gba oúnjẹ Olúwa, gbogbo ìjọ á kúnlẹ̀, èmi á dúró gbagidi bí òpó iná. Àlùfáà á ní láti na ọwọ́ sókè kó tó kàn mí lẹ́nu. Ó pé ọdún mẹ́ta báyìí. Kí n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú, ó tó mi.”

Mo ṣàlàyé ìtọ́jú náà. Wọ́n fojú wò mí.

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni?”

“Ẹ̀jẹ̀ tiyín ni, Màmá.”

“Bó bá jẹ́ tèmi, kí lẹ wá ń gbà á fún, tẹ́ ẹ bá máa dá a padà?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ ti epo pupa, ó yé wọn. Nígbà tí a dé ìbéèrè kẹrin, wọ́n gbé orí sókè.

“Oògùn kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Láti kékeré tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi, n kò fọwọ́ kan oògùn rí.”

Mo kọ “Rárá”, mo fi lẹ́tà dáradára kọ ọ́. Dókítà yẹ orúnkún wò, ó wo fọ́tò egungun rẹ̀, ó ka ìwé mi, ó ní a lè dán an wò. Ó dá ọjọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀, ó ní kí n bá òun tẹ òwú mọ́ apá Màmá, ó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ. Ìró ẹ̀rọ náà lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó wá ń kùn bí ìgbà tí kíláàsì kan lókèèrè bá ń ka ìsọdipúpọ̀. Ọkàn mi rìn lọ. Mo rí Òdògbólú, mo rí eruku ṣọ́ọ̀kì nínú ìtànṣán oòrùn, mo rí Oyínkán lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tó na ọwọ́ sókè. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, nọ́ọ̀sì gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ náà sójú fèrèsé: pupa nísàlẹ̀, oyin lókè. Ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò tètè mọ̀ pé ìka mi ti tutù.

Òwú ti rin gbingbin. Ẹ̀jẹ̀ kò dá.

“Má dààmú,” ni Màmá wí, bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń jẹ kóró yẹn.”

“Kóró wo?”

“Èyí tí wọ́n fún mi lọ́sibítù nígbà tí àyà mi ń lù ségesège. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.”

“Màmá, ṣebí ẹ ní ẹ kì í lo oògùn!”

“Oògùn kọ́ nìyẹn, kóró ni! Oògùn ni èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́dìí. Tíṣà ni ọ́, o ò mọ oògùn yàtọ̀ sí kóró?”

Mo pe Dókítà, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó tẹ ojú abẹ́rẹ́ náà títí ó fi dá, ó sì jókòó ti Màmá.

“Màmá, a ò ní gún un.”

“Ẹ kúkú ti fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Mo lè má jẹ kóró náà fún ọ̀sẹ̀ kan.”

“Ẹ má dán an wò, Mà. Òun ló ń gbà yín lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀. Mi ò lè ní kẹ́ ẹ dá a dúró nítorí abẹ́rẹ́ tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé á ṣiṣẹ́. Tí mo bá sì gún un báyìí, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú orúnkún yín. Màá kọ̀wé sí dókítà ọkàn yín, a ó sì kọ́ yín ní eré ìdárayá tí á fún itan yín lágbára.”

“Ṣé n kò ní kúnlẹ̀ mọ́ nìyẹn?”

Dókítà kò purọ́. “Mi ò mọ̀, Mà.”

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. “Èmi ni mo béèrè ìbéèrè burúkú, Màmá. Ẹ dárí jì mí.”

“Dìde, jàre. Òdo lo gbà,” ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n omi ti lé sí wọn lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo fa ìlà sórí ìbéèrè kẹrin. Mo kọ: “Kí ni ẹ̀ ń gbé mì, kí ni ẹ̀ ń mu, kí ni wọ́n ń gún yín, kí ni ẹ̀ ń fi para? Kóró ni o, àgbo ni o, ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá sínú àpò kan kí a jọ wò ó.” Kò dùn létí tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n ti tú sórí tábìlì mi láti ìgbà náà pọ̀, ohun tí ǹ bá ti kọ “Rárá” sí sì wà nínú wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo lọ kí Màmá ní ìjọ wọn. Ọ̀pá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n orúnkún kò tíì tẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn kúnlẹ̀ níbi pẹpẹ, èmi náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, aláwọ̀ oyin.

“Tíṣà,” ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “kí ló ṣe orúnkún tìẹ?”

“Mo ń ṣe àtúnṣe iṣẹ́ mi ni, Màmá.”

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n lára òdo tí mo gbà. Bí wọ́n bá bi yín nílé ìwòsàn pé kí ni ẹ̀ ń lò, ẹ má dúró wo orúkọ tó ń jẹ́. Ẹ tú àpò yín.