Sípíkà Karùn-ún

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni àbúrò ọkọ obìnrin kan, ṣùgbọ́n bí aago yín bá dúró, á ní òun mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bí eyín bá ń dùn yín, á ní kí ẹ lanu. Amọ̀ọ́ntán ni obìnrin náà sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ọkùnrin náà rò pé oríkì ni.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kan àga àti tábìlì, kò sì sí èyí tí kì í mì nínú wọn. Ó ní ilẹ̀ ni kò dọ́gba.

Lọ́jọ́ tí ọkọ obìnrin yìí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àìsàn dá ìyàwó dúbúlẹ̀, kò lè bá a lọ síbi ìdágbére. Ọkọ dé, ó ní, "Mo sọ̀rọ̀ rẹ níbẹ̀. Wàá gbọ́ ọ nínú fíìmù." Kí fíìmù tó dé, ọkọ ti kú.

Ọmọbìnrin wọn ló wá fi fíìmù náà ránṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, òun pẹ̀lú sípíkà márùn-ún, kí ohùn lè yí ìyá rẹ̀ ká. Amọ̀ọ́ntán gbọ́, ló bá dé pẹ̀lú tépù lọ́wọ́, pẹ́ńsù létí.

"Ìyàwó, jókòó jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló bọ́ sí."

Ó wọn yàrá lóòró, ó wọ̀n ọ́n níbùú, ó gbé sípíkà kan sí igun kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ kọ̀ǹpútà títí ètò tó ń gbé fíìmù jáde fi kọ ọ́ sójú pé ọ̀nà márùn-ún ni ohùn yóò gbà.

"Ìkarùn-ún ńkọ́?"

"Igun mélòó ni yàrá ní?"

"Mẹ́rin."

"O ti dá ara rẹ lóhùn. Ta ló rí àga ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún rí? Wọ́n fi ìyẹn ṣe jàrá ni."

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Orin ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, àtẹ́wọ́ ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ rẹ̀ dìde, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé bíi ti ẹja. Ohùn kankan kò jáde.

"Ohùn ẹ̀gbọ́n mi kéré tẹ́lẹ̀," ni Amọ̀ọ́ntán wí, ó bu tíì mu.

Ọkọ tó máa ń pè é láti ìta, tí aládùúgbò mẹ́ta á máa dáhùn. Obìnrin náà mú fóònù. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Màámi, sípíkà àárín ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbà jáde. Orin ló wà nínú ìyókù. Níbo ló wà?"

Ó wò yíká. Abẹ́ tábìlì tí Amọ̀ọ́ntán kàn fún wọn ló wà, ó fi ti ẹsẹ̀ tó kúrú, ife tíì rẹ̀ sì wà lókè. Obìnrin náà kò kìlọ̀ fún un. Ó fà á yọ, tábìlì kúnlẹ̀, tíì dà sí Amọ̀ọ́ntán nítan.

"Ìyàwó, o ò rí mi ni?"

"Mo rí yín. Ilẹ̀ ni kò dọ́gba."

Ó ki wáyà sípíkà náà sí ojú ihò kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lára kọ̀ǹpútà, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó dá fíìmù padà sẹ́yìn.

"Ẹni tó yẹ kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún kò sí níbí," ni ọkọ rẹ̀ wí, ketekete. "Ó wà nílé, ara rẹ̀ kò yá."

Amọ̀ọ́ntán ń nu ṣòkòtò. "Ṣé o rí i? Bí mo ṣe tò ó yẹn gan-an ló—"

"Ẹ dákẹ́," ni obìnrin náà wí. "Onílé ń sọ̀rọ̀."