Ẹni Tó Ń Tọ́ Oúnjẹ Bàbá Wò

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nínú oṣù ààwẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo kéré nígbà náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Durumi, ní Àbújá, la sì ń gbé. Bàbá mi tó ń ta báàgì ní ọjà Utako ti wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n fún oṣù mélòó kan, wọn ò sì tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹrù olè ló rà.

Gbogbo Sátidé ni èmi àti ìyá mi máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: wọ́dà kì í jẹ́ kí abọ́ kankan wọlé àfi kí ẹni tó gbé e wá kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ lójú òun. Ìyá mi ń gbààwẹ̀, torí náà èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bàbá mi á máa wò mí láti ẹ̀yìn wáyà, á máa rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ ilé-kéú wa ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Alájẹkì! Ààwẹ̀ tìẹ dà?" Ni mo bá gbààwẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́dà ṣí abọ́ ìrẹsì, mo pa ẹnu mọ́.

"Kai! Ọmọ yìí, jẹun jàre."

"Mo ń gbààwẹ̀."

Ìyá mi bẹ̀ mí, bẹ̀ mí. Ó bi wọ́dà bóyá òun lè tọ́ ọ wò kí òun tu ú.

"Màmá, gbígbé mì ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Ìyá mi ṣì ń rò ó bóyá kí òun já ààwẹ̀ òun nígbà tí Bàbá mi pariwo láti ẹ̀yìn wáyà: "Ìyàwó, fi í sílẹ̀! Jẹ́ kí Àlàájà mi gba ààwẹ̀ ẹ̀. Màá fi tibí ṣínu."

A gbé ìrẹsì náà padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni omi ò ti dé ọgbà náà; àwọn tó ń gbààwẹ̀ ò rí omi fi ṣínu. Wọ́n dáná sun ilé ìdáná, wọ́n wó odi. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọn ò gba àlejò kankan. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá mi sọ fún wa nípa àwọn oṣù yẹn ni pé oúnjẹ kan wà tí àwọn kan jẹ, tí wọn ò dìde mọ́.

Wọ́n tún ibẹ̀ kọ́, ó sì dára, mi ò ní purọ́. Táìlì funfun, tánkì omi ńlá, ilé ìdáná tuntun. Ọmọ tó bá kọjá níbẹ̀ lónìí á rò pé ilé ìwé ni. Wọn ò gba oúnjẹ ìta mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi. Ọjọ́ tó dé, ìyá mi gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀. Bàbá mi tì í sọ́dọ̀ mi.

"Tọ́ ọ wò."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà, mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Títí dòní, kì í jẹun àfi tí mo bá kọ́kọ́ gbé díẹ̀ mì lójú rẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí yunifásítì tó wà nítòsí ilé. Ìyá mi gbìyànjú láti bá mi ṣe é, Bàbá mi ní, "Ìwọ kọ́." Nígbà tí mo lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Karu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, àti ẹyin sísè tó fọwọ́ ara rẹ̀ bó nìkan ló jẹ. Ohun tó bá ṣáà ti ní èèpo.

Mo ti wá ríṣẹ́ báyìí, ní Kàlàbá. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kí n bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé inú mi dùn. Mo sọ fún Bàbá mi lánàá. Ohùn ọjọ́ ẹ̀yìn wáyà ló fi dá mi lóhùn: "Máa lọ, Àlàájà mi. Màá rí nǹkan bó jẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú òbí rí, ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Wọ́n ti gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀, Bàbá mi sì ti ń pè mí.