Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Tẹ 'Save' Àfi Ọ̀gá Adésànyà

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Japheth Adésànyà ní ọ́fíìsì wọn l'Ábùjá títí di òní, ìtàn ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ mínísítà pòórá nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà pòórá mọ́ lọ́wọ́ gan-an ni Kúnbi, akọ̀wé Adésànyà.

Ọdún 2013 ni. Kúnbi ti jókòó láti àárọ̀, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ tí mínísítà máa kà níwájú àwọn àlejò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ìparí, ó wá ku kó tẹ 'Save' kí kọ̀ǹpútà lè bá wọn pa á mọ́. Kúnbi ò tẹ̀ ẹ́. Ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá Adésànyà ti pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ kékeré kankan ò gbọdọ̀ tẹ 'Save' nínú ẹ̀ka òun.

"Ohun tí a bá ti pa mọ́ ti di ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn," ló sọ fún wọn. "Ta ni yín, tí ẹ ó máa bá ìjọba pa nǹkan mọ́ láìgbàṣẹ?"

Òun nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́. Ní wákàtí tí à ń wí yìí, ó wà ní kàńtíìnì nísàlẹ̀, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Bí wọ́n ṣe ń sáré lọ pè é niná lọ. Ẹ̀rọ tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, àwọn tó máa tún un ṣe ṣì ń dúró de àṣẹ. Nígbà tí iná padà dé, ojú ìwé funfun báláú, Kúnbi sì bú sẹ́kún. Ọ̀gá wọlé, ó ń nu ẹnu.

"Ta ló pa á rẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́, sà. A ò pa á mọ́ ni."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ó kéré tán, ẹ ò rú òfin."

Ló bá dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ náà láti orí, Kúnbi ń tẹ̀ ẹ́. Kò ni í lára rárá, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kà lọ́dọọdún, orúkọ mínísítà nìkan ló ń yí padà. Bí gbólóhùn kan bá ti parí, ọ̀gá á dìde, á tọ́ tàì rẹ̀, á tẹ 'Save', á sì wí sókè pé, "Mo fọwọ́ sí i." Ìwé dé ọwọ́ mínísítà lásìkò. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ gan-an, torí pé èyí tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún lọ́dún tó kọjá ni.

Ayé fáìlì ni ọ̀gá ti wá. Lójú tiẹ̀, ohun tí ọ̀gá kan ò bá tíì fọwọ́ sí, kò tíì ṣẹlẹ̀. Saeed, ọmọ Ìlọrin tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà, ló fojú winá rẹ̀ jù. Ó wá lọ́jọ́ kan láti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà hàn án.

"Ẹ wò ó, sà. Ẹ tẹ 'Copy', ẹ tẹ 'Paste'. Ó ti di méjì."

"Èwo ni ojúlówó níbẹ̀?"

"Kò síyàtọ̀, sà. Ìkan náà ni méjèèjì."

"Kai, Saeed! Ayédèrú lo wá ń kọ́ mi nínú ọ́fíìsì ìjọba?"

Ọ̀gá fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú òǹtẹ̀ 'Certified True Copy', ó sì lù ú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Saeed fi ọtí nù ún, ó fi ọṣẹ nù ún, kò lọ. Títí kọ̀ǹpútà yẹn fi kú, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣí lórí rẹ̀ ló ń ní òǹtẹ̀ láàárín, títí kan àwòrán ìgbéyàwó ọmọ Kúnbi.

Ìgbà tó wá mọ̀ pé èèyàn lè mú kí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tóbi tàbí kó kéré, ó pín in fún wọn bí ipò wọn ṣe rí. Nínú ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, orúkọ ọ̀gá àgbà pátápátá gba ìlà kan tán. Tirẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí. Ti Gàníyátù tó ń gbálẹ̀ kéré débi pé àwọn tó ń fúnni ní ìsinmi ò rí i rárá.

"Ọ̀gá, mi ò rí orúkọ mi níbí," Gàníyátù wí.

"Ó wà níbẹ̀. Lọ ṣe ìdánwò ìgbéga, á tóbi."

Àmọ́ èyí tó kórìíra jù ni 'Undo'. Ó ní ìtìjú ni, ó ní ìjọba kì í ṣe nǹkan tán kó tún wá sọ pé òun ò ṣe é mọ́. Saeed rọra bi í bóyá ó máa ń gbọ́ ìròyìn.

Kúnbi máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èyí bíi ti àwọn yòókù, àfi ọjọ́ tí ìwé dé láti òkè. Ẹjọ́ ọ̀rọ̀ mínísítà tó pòórá ti dé etí àwọn ọ̀gá àgbà, wọ́n sì pàṣẹ pé gbogbo òṣìṣẹ́ máa ṣe ìdánwò kọ̀ǹpútà, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀gá àgbà tó pàṣẹ náà. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé ìkẹ́rùsí ní Bwari ló ń lọ. Kuje, ní òdìkejì Àbùjá pátápátá, ni Kúnbi ń gbé, òun àti ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá jókòó. Bó bá ń ti Kuje lọ Bwari lójoojúmọ́, ta ni yóò gbé ìyá dìde láàárọ̀, ta ni yóò fún un lóúnjẹ alẹ́? Ọwọ́ rẹ̀ yá nínú lẹ́tà títẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ ara rẹ̀ pa nǹkan kan mọ́ rí.

Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbóhùn sókè sí i.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa rán mi lọ sí Bwari! Ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ló máa bá mi tọ́jú ìyá mi?"

Ọ̀gá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó tún bọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ òmìnira nìkan wá síbi iṣẹ́. Ó ní kí gbogbo ẹ̀ka dìde. Ó mú ìka Kúnbi, ó gbé e lé orí kọ̀ǹpútà.

"Láti òní lọ, mo gbé àṣẹ 'Save' lé Kúnbi lọ́wọ́. Kó máa tẹ̀ ẹ́ ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Kó wí i síta, kí ẹ̀rí lè wà."

"Ẹ ṣé, sà," Kúnbi wí, ojú ń tì í. Gàníyátù pàtẹ́wọ́.

Báyìí ni Kúnbi ṣe jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, tó ń tẹ̀, tó sì ń wí pé, "Mo fọwọ́ sí i." Gbólóhùn míì, "Mo fọwọ́ sí i." Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Alábòójútó wá dúró lé e lórí.

"Madam, abeg, who you dey talk to?"

"Ẹ má bínú, sà. Àṣẹ ọ̀gá mi ni."

Ẹ̀rín ò tíì tán nílẹ̀ tí iná fi lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n yá wúkọ́, ó dákẹ́. Nígbà tó fi máa tún dìde, igbe ta kárí gbọ̀ngàn. Iṣẹ́ ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ, tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ. Kúnbi ṣí tirẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó bá a níbẹ̀ dé gbólóhùn tó tẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó parí èyí tó kù, ó yege, kò sì lọ sí Bwari.

Ìgbà tó jáde, ó bá ọ̀gá lábẹ́ igi níta, eruku bò ó. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Apo gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà, ọ̀kadà ló gbé e wá.

"Ó pé?"

"Ó pé, sà. Gbogbo ẹ̀."

"Mo ti wí fún wọn," ni ọ̀gá wí, ló bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ kó tó yíjú padà, Kúnbi sì mọ̀ pé omijé ló ń nù.

Ó fẹ̀yìn tì láìpẹ́ sígbà yẹn. Ọdún 2018 ló kú, lójú oorun, lẹ́yìn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Beatrice, wá bá Kúnbi ní ọ́fíìsì nítorí ìwé ètò ìsìnkú.

"Ó ti wí i tipẹ́ pé ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́," ni màmá wí. "Ó ní àwọn tó kù ò gbàṣẹ."

Wọ́n jùmọ̀ rẹ́rìn-ín. Kúnbi tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mú kí orúkọ ọ̀gá tóbi, ó tóbi ju bí ti ọ̀gá àgbà kankan ṣe tóbi rí. Nígbà tó dé ìparí, ìka rẹ̀ dúró lókè. Ó bá ara rẹ̀ tó ń wo ẹnu ọ̀nà, bíi pé ẹnì kan ń ti kàńtíìnì bọ̀. Àárò ọ̀gá sọ ọ́, ó dùn ún wọra.

"Kí lo ń dúró dè?" màmá béèrè.

"Ẹ má bínú, mà. Bá a bá ti parí, ohun kan wà tí ọ̀gá máa ń wí."

Màmá Beatrice mi orí. "Ṣé ò ń rò pé ọ́fíìsì nìkan ni? Bí mo bá bu ọbẹ̀ síwájú rẹ̀ nílé, tó tọ́ ọ wò, kò jẹ́ wí pé ó dùn. Ohun kan náà yẹn ló máa wí." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Kúnbi. "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."

Kúnbi tẹ 'Save'. Àwọn méjèèjì sì jọ wí i síta, kí ẹ̀rí lè wà.