Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gbọ́ Orin Ẹsitóníà

Mo rántí ohùn obìnrin náà: ó tutù bí omi àmù, ìlù ẹ̀rọ sì ń sáré lábẹ́ rẹ̀. Èdè Ẹsitóníà ló fi ń kọrin. Orí fóònù ni mo ti ṣèèṣì rí i, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkòròdú. Kí oṣù náà tó parí, mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹsitóníà, Látífíà, Sìlòfíníà, Mọ̀lìdófà, àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké Yúróòpù, kálukú ní ojú ewé tirẹ̀: akọrin, ọdún tí orin jáde, ohun èlò tí wọ́n lò, àní ìṣẹ́jú tí ègbè wọlé. Láti ibùdókọ̀ Benson títí dé etí ọ̀sà, mo gbà pé èmi nìkan ló mọ̀ wọ́n, bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Èjìnrìn lápá Ẹ̀pẹ́, la jọ máa ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Mo fún un ní etí kan íápíìsì mi. Àṣìṣe mi nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi gba àwọn orin náà sórí fóònù tirẹ̀, tí dírẹ́bà sì ń jẹ́ kó so ó mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Kò mọ ọdún, kò mọ ohun èlò. Ohun tó ń sọ kò ju, “Ẹ gbọ́ ègbè yìí! Bí ìyá mi ṣe máa ń gbè é nìyí, tí wọ́n bá ń wa ọkọ̀ ojú omi bọ̀ láti ọjà.” Gbogbo bọ́ọ̀sì á sì máa gberin èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́.

Obìnrin kan tó ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ garawa ọ̀dà á ké sí ọ̀rẹ́ mi láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá Ẹsitóníà, fi ti obìnrin tó ń ké bí ẹni tí ọkọ ẹ̀ já jù sílẹ̀ yẹn sí i jàre!”

Bàbá Ẹsitóníà! Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi, òun ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Nígbà tó tún béèrè orin tuntun, mo fún un ní ti Látífíà, mo sì sọ fún un pé Sìlòfíníà ni. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, Sìlòfíníà la wà lónìí o!”

Mo dìde. “Irọ́ ni! Látífíà ni. Kí ẹni tí kò bá mọ̀ dákẹ́.” Mo ṣí ìwé mi, mo kà á fún wọn títí dórí irú dùùrù tí wọ́n tẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Ó mọ̀. Gbólóhùn kan ì bá tó láti fi dójú tì mí, ṣùgbọ́n ńṣe ló rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú o. Ọ̀gá mi nìyẹn, òun ló kọ́ mi. Èmi ni mi ò fetí sílẹ̀ dáadáa.” Ó yọ fóònù rẹ̀, ó na okùn ẹ̀rọ ọkọ̀ sí mi.

Mo gbà á. Mo ń fi orin sí i, mo ń ṣàlàyé. Ẹnikẹ́ni ò gberin. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin onílébẹ́ẹ̀lì ní, “Bọ̀dá, ṣé ilé ìwé lẹ ń kó wa lọ ni?” Dírẹ́bà tan rédíò.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi ti padà sí Èjìnrìn. Ìwé mi ti di mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ègbè orin àkọ́kọ́ yẹn bá wọlé, ìyá kan tí n kò rí rí ni mò ń gbọ́, nínú ọkọ̀ ojú omi, tó ń ti ọjà bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló fi í síbẹ̀. Mo ṣì ń jowú rẹ̀, n kò sì tíì rí ojú ewé tí mo lè kọ ìyẹn sí.