Àǹtí Omi àti Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wa kì í mọ ẹni tó jẹ́ olùkọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí fèrè wà lọ́rùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń retí. Ẹni tí wọ́n ń bá létí omi ni obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sanra dáadáa, tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dúdú, tó ń fi ìgbálẹ̀ gbọọrọ ti omi tó dà sórí táìlì padà sínú kòtò ìlúwẹ̀ẹ́.

Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, olùkọ́ dà?"

Á ní, "Èmi náà ni. Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ yín."

Ẹnu ọ̀nà ni èmi ń jókòó sí, èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà mo rí bí ojú wọn ṣe ń rí lẹ́yìn ìdáhùn yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá wọ inú omi, tó nà gbalaja, tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìta omi sí ẹnikẹ́ni lára, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè olùkọ́ mọ́. Àǹtí Omi ni gbogbo wa ń pè é.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, Ròbòtò ni ìyá òun ń pe òun. "Ròbòtò mi, wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀." Ó ní kò sí orúkọ tó dùn létí òun tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó dé ilé ìwé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n mú un, wọ́n ń fi lé e kiri pápá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu tó ti ń jáde ló yàtọ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n kó wọn lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ara tó wúwo lórí pápá fúyẹ́ nínú omi, àwọn tó ń sáré kọjá lára rẹ̀ lórí ilẹ̀ sì di ẹni tó ń gbé omi mì lẹ́yìn rẹ̀. Kò kúrò nínú omi láti ìgbà náà.

Nígbà tó dàgbà, ó pinnu pé òun á máa sọ ọ́ gbangba. "Mo sanra," bí ẹni ń sọ pé mo ga. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Á ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Sọ pé ara rẹ kún."

Àǹtí Omi á ní, "Kún fún kí ni? Ṣé ìkòkò ni mí?"

Kíláàsì tó fẹ́ràn jù ni ti àárọ̀, ti àwọn àgbàlagbà tí omi ń bà lẹ́rù. Akọ̀wé báńkì kan wà níbẹ̀, obìnrin tó sanra, tó máa ń fi tówẹ̀lì bo ara títí ó fi dé etí omi. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà sílẹ̀, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí okùn. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan náà wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn.

Ìgbà yẹn ni máníjà tuntun dé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ kí èrò pọ̀ ni. Ó rí Àǹtí Omi, ó rí akọ̀wé báńkì, ó sì rò pé òun ti mọ ohun tí kíláàsì náà wà fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá pátákó lára ilẹ̀kùn: KÍLÁÀSÌ ÀWỌN TÓ TÓBI. Ẹ WÁ BỌ́ Ọ̀RÁ SÍNÚ OMI.

Akọ̀wé báńkì dé pẹ̀lú báàgì léjìká. Ó kà á, ó yí padà. Mo pè é. Ó ní, "Mo gbàgbé nǹkan sílé." Kò padà wá. Bàbá onímọ́tò wọlé ní tirẹ̀, ó ní, "Ibo lára mi ló tóbi? Ẹ fi hàn mí, kí n lè ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó wọ omi lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan.

Àǹtí Omi kò dúró nu ara kó tó lọ sí ọ́fíìsì máníjà.

Máníjà ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń sọ ọ́ mà. Lójú gbogbo ayé lẹ ń sọ pé ẹ sanra. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn yín."

Ó ní, "Kò dùn mí, torí èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú un. Ẹ̀yin lẹ lẹ tiwọn mọ́ wọn lára kí wọ́n tó dé."

"Kí wá ni ká pè wọ́n?"

"Mi ò mọ̀. N ó bi wọ́n."

Ọ̀dọ̀ akọ̀wé báńkì ló kọ́kọ́ lọ. Ó bá a nílé níbi tó ti ń lọ aṣọ. Obìnrin náà kàn ń lọ ọrùn aṣọ kan ṣoṣo lọ, ó ń lọ ọ́ bọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Mo lọ rí dókítà torí ọ̀fun tó ń dùn mí. Ìwọ̀n ara mi ló ń sọ títí mo fi jáde. Ìsanrajù, ìsanrajù. Tí wọ́n bá ní mo sanra, ó ń dùn mí. Tí wọ́n bá ní mo kún, mo mọ̀ pé wọ́n ń rọra sọ ọ́ ni, ìyẹn tún wá burú jù."

Àǹtí Omi ní, "Èmi náà máa ń sọ pé 'àwa tá a sanra' ní kíláàsì. Ṣé ó máa ń dùn yín?"

Akọ̀wé gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Díẹ̀."

"Ẹ má bínú. 'Èmi' ni n ó máa sọ. N ò ní sọ 'àwa' mọ́."

Nígbà tí Àǹtí Omi ròyìn rẹ̀ fún mi, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó gbà pé kò pọn dandan kó gba ẹlòmíràn. Àwọn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Lọ́jọ́ kíláàsì, ó ní kí gbogbo wọn jókòó sétí omi, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Akọ̀wé báńkì wá, ó jókòó sẹ́yìn. Àǹtí Omi bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa pè wọ́n.

Bàbá onímọ́tò ló kọ́kọ́ dáhùn, kò sì ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń pe òun ní gáréèjì. "Wọ́n rò pé ẹni tó bá rù kò létí. Tí mo bá ń jẹun, wọ́n á ní ibo ni mò ń kó o sí. Nígbà tí ìyá mi kú, tí mo tún wá gbẹ sí i, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àìsàn lẹ́yìn mi."

Ìyá ọlọ́mọ tuntun ní, "Èmi o, mo fẹ́ kí wọ́n ní mo sanra. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá a. Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ lánàá, inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ẹ̀rín sọ. Akọ̀wé báńkì náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní, "Ẹ pè mí ní ẹni tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ìyẹn tó mi."

Wọ́n wá rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó lè bá gbogbo wọn lára mu. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni ìbẹ̀rù omi. Nígbà tí máníjà gbọ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ pátákó náà, ó kọ òmíràn: KÍLÁÀSÌ ÀWỌN TÓ Ń BẸ̀RÙ OMI. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi kún. Máníjà gan-an wà lára wọn. Ó di irin etí omi mú, omi kò sì ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Kò sọ fún ẹnì kankan tẹ́lẹ̀ pé òun ò lè lúwẹ̀ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lọ wò wọ́n. Akọ̀wé báńkì ti jáwọ́ lára irin. Àǹtí Omi ń fà sẹ́yìn níwájú rẹ̀, ó la ọwọ́ méjèèjì sínú omi, kò sì fi kàn án. "Ẹ máa bọ̀," ló ń sọ, "ẹ máa bọ̀," pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí ọwọ́ obìnrin náà fi kan ògiri òdìkejì.